Ìdí Ìkòkò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Àlàyé Lórí Ìkòkò Onígíléèsì Tí Àwọn Olùkójọ Ń Wá

Ẹni tó bá ń wo ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ti rí i: fọ́tò ìkòkò kan tó ń dán, aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, tí ẹni tó ń tà á kọ "antique studio pottery" sábẹ́ rẹ̀. Owó tó fi lé e lè ju owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìkòkò mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó jọ ọ́ gan-an, tí owó rẹ̀ kò tó ti àpò ìrẹsì kan. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà yóò rò pé ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò méjèèjì ń purọ́. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Àwọn kan rò pé dídán ara ìkòkò náà ni wọ́n ń san owó fún. Àwọn mìíràn rò pé ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Ọwọ́ tó mọ ọ́n, ilé iṣẹ́ tó ti jáde, àti ẹ̀rí tó wà lára rẹ̀ ni àwọn olùkójọ ń rà. Ìdí ìkòkò ni ẹ̀rí náà sì sábà máa ń wà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Ìkòkò Abuja, èyí tí wọ́n mọ ní ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Abuja àtijọ́ tó ń jẹ́ Suleja lónìí, ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé, torí pé ilẹ̀ Nàìjíríà ló ti jáde, torí pé ó wà nínú ilé àwọn kan lára wa tí wọn ò mọ ohun tó jẹ́, àti torí pé obìnrin tó lókìkí jù nínú àwọn tó mọ ọ́n ni àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ogún náírà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò nílẹ̀. Láàárín àwọn tó ń ta ohun àtijọ́, ohun tó bá ti pé 100 ọdún ni wọ́n ń pè ní antique. Studio pottery ní tirẹ̀ ni ìkòkò tí amọ̀kòkò kan, tàbí àwọn díẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ kékeré, fi ọwọ́ ara wọn ṣe láti orí pípo amọ̀ dé orí iná, tí wọ́n sì kà á sí iṣẹ́ ọnà tó ní olóhun. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan wà ṣáájú, bí àwọn ọmọ ìyá Martin mẹ́rin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìlú London ní nǹkan bí 1873, ṣùgbọ́n ilé ìkòkò tí ọ̀pọ̀ ń kà sí orísun ni èyí tí Bernard Leach àti Shoji Hamada, ará Japan, dá sílẹ̀ ní St Ives, ní ẹkùn Cornwall, ní 1920. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àwọn tó dàgbà jù nínú ìkòkò St Ives ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá 100 ọdún ni. Ìkòkò Abuja kankan kò sì tíì dé ibẹ̀, torí 1951 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ náà. Bí ẹnì kan bá wá ń ta "antique Abuja pot" fún yín, ó ti ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ìyẹn ò sọ pé ayédèrú ni ìkòkò náà, ṣùgbọ́n ó sọ fún yín pé kí ẹ má gba àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ yòókù láìwádìí.

Ó wá ku gíléèsì, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú jù.

Gíléèsì jẹ́ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ́ mọ́ ara amọ̀ nínú iná. Ohun tó ń di gíláàsì nínú rẹ̀ ni silica, tó pọ̀ nínú yanrìn àti nínú òkúta quartz. Ṣùgbọ́n silica nìkan kì í yọ́ àfi bí iná bá kọjá 1,700°C, kò sì sí iléru amọ̀kòkò tó ń gbóná tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, wọ́n á po ohun tí yóò mú un tètè yọ́ mọ́ ọn: eérú igi, òkúta feldspar, òkúta ẹfun, tàbí òjé. Wọ́n á tún fi amọ̀ díẹ̀ sí i kó lè ki, kó má baà ṣàn kúrò lára ìkòkò bó bá ti ń yọ́. Wọ́n á lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á ri ìkòkò bọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n dà á lé e lórí, wọ́n á sì gbé e wọ iléru.

Ibi tí iná náà gbóná dé ló ń pín ìkòkò sí oríṣiríṣi. Gíléèsì olójé lè yọ́ ní nǹkan bí 1,000°C sí 1,100°C. Amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì máa ń fa omi, bó bá sì fọ́, ẹ óò rí i pé ojú ibi tó fọ́ rí bíi ti àpáàdì. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé nǹkan bí 1,250°C sí 1,300°C, amọ̀ fúnra rẹ̀ á dì pọ̀, ihò inú rẹ̀ á dí, kò sì ní fa omi mọ́ àní bí kò tilẹ̀ ní gíléèsì. Èyí ni wọ́n ń pè ní stoneware. Stoneware ni ìkòkò Abuja. Àwọn baba wa ní ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ti Abuja gbóná kọjá ti ìkòkò ọbẹ̀ lọ́nà tó jìn.

Ìkòkò tí àwọn ìyá wa ń mọ ní Ìlọrin, ní Ìpetumodù, ní Ìsàn-Èkìtì, kì í ní gíléèsì rárá. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, pẹ̀lú igi àti koríko gbígbẹ. Iná náà kì í sábà kọjá 900°C, àmọ́ ìyẹn tó fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ìkòkò náà ṣe. Síbẹ̀, ẹ óò rí àmù àtijọ́ tó ń dán gbinrin. Dídán náà wá láti inú fífi òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ ra ara rẹ̀ kó tó gbẹ tán, tàbí láti inú omi èèpo èso igi irúgbá tí wọ́n ń fi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná. Àwọn tí kò mọ èyí ló ń pè é ní "glazed". Magdalene Odundo, ọmọ Kenya tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìkòkò rẹ̀ wà lára àwọn tó wọ́n jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn amọ̀kòkò tó ṣì wà láyé, kì í fi gíléèsì sí iṣẹ́ rẹ̀. Rírá ló ń rá a, tí yóò fi dán bí awọ ara ènìyàn. Ní 1974, ó wá sí ilé ìkòkò Abuja, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ibẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá ń wo ìkòkò tó ń dán, ẹ kán omi díẹ̀ sí ara rẹ̀. Lára gíléèsì, omi náà á dúró síbẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ. Lára amọ̀ tí wọ́n rá, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa wọlé, ojú ibẹ̀ á sì dúdú sí i.

Àwọ̀ gíléèsì tún ń sọ ọ̀rọ̀. Irin ló ń fún ọ̀pọ̀ gíléèsì àtijọ́ ní àwọ̀. Bí irin díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, bíi ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì dín atẹ́gùn tó ń wọ iléru kù, iná tí kò rí atẹ́gùn tó yóò fa oxygen jáde lára irin náà, àwọ̀ rẹ̀ á sì di ewé, tàbí búlúù tó ń ṣú. Àwọn ará China ti mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Celadon ni àwọn olùkójọ ń pè é. Bí irin náà bá tó bíi ìdá mẹ́jọ sí mẹ́wàá, yóò dúdú, etí rẹ̀ á sì pọ́n bí ìpẹtà níbi tí gíléèsì ti fẹ́lẹ́. Tenmoku ni wọ́n ń pe ìyẹn. Méjèèjì ló wọ́pọ̀ lára ìkòkò Abuja.

Michael Cardew ló gbé ìmọ̀ yìí wá. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n bí i ní 1901, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leach ní St Ives láti 1923. Ní 1926, ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Winchcombe, níbi tó ti ń ṣe àwo àti ìkòkò olójé bí àwọn amọ̀kòkò abúlé Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é látijọ́. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sí iṣẹ́ ní Achimota, ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí. Iṣẹ́ ìkòkò àti bíríkì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kùnà, ó sì tún gbìyànjú fúnra rẹ̀ ní Vume, létí odò Volta, kó tó padà sílé nínú àìsàn ní 1948. Èmi ka ìkùnà yẹn sí ohun tó ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ló ti rí i pé òun kò lè gbé ilé iṣẹ́ ńlá lé àwọn ènìyàn lórí, kí òun má sì ka ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà pè é ní 1950 pé kó wá ṣètò ìkòkò mímọ, ó kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà yí ká láti wo ohun tó wà nílẹ̀.

Ní ààfin Ẹ́míà Abuja, Suleiman Barau, ló ti rí àwọn ìkòkò omi kan tó dá a dúró. Ladi Kwali ló mọ wọ́n.

Ọmọ Gbàgyí ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Gwari. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1925 ní abúlé Kwali, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ náà, bí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Kì í lo kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò, ìyẹn pẹpẹ róbótó tó ń yí tí wọ́n ń mọ ìkòkò lé, fún ìkòkò ńlá. Yóò gbé ìṣù amọ̀ kan kalẹ̀, yóò ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, yóò máa fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, yóò sì máa fi okùn amọ̀ lé e lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò náà ká, tí yóò máa fẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń tẹ̀lé èkejì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára amọ̀. Yóò wá fi nǹkan pẹlẹbẹ há ara rẹ̀ títí tí ikùn ìkòkò á fi yípo dáadáa. Àwọn tó rí i lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àti ní Amẹ́ríkà ní 1972 nígbà tó bá Cardew àti Kofi Athey, ọmọ Ghana, rin ìrìn àjò, rí i pé ìkòkò náà pé láìsí kẹ̀kẹ́, ó sì yà wọ́n lẹ́nu. Kò yẹ kó ya àwa lẹ́nu. Bí àwọn obìnrin wa ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, láti Kwali dé Òkè-Odàn.

Ohun tó ń fín sí ara ìkòkò ló dá yàtọ̀: alángbá, àkeekèé, ọ̀nì, ejò, ẹja, ẹyẹ, tí wọ́n dúró láàárín àwọn ìlà tó yí ìkòkò ká. Ní December 1954 ló wọ ilé ìkòkò Abuja, obìnrin àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọkùnrin tí Cardew ń kọ́ ní kẹ̀kẹ́. Bó ṣe ń mọ ìkòkò nílé náà ló ṣe ń mọ ọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fín àwòrán sí i tán, wọ́n á fi amọ̀ funfun tó ṣàn dí ojú ìfín náà, wọ́n á há èyí tó bá yọ síta kúrò, wọ́n á wá fi gíléèsì bò ó. Nígbà tó bá jáde nínú iná, alángbá náà á funfun lábẹ́ gíláàsì aláwọ̀ ewé, ara ìkòkò yòókù á sì ṣú. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú, ó sì fi í ṣe àwo, abọ́ àti ìgò.

Ibí yìí ni ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkójọ kò rò jinlẹ̀. Àmù amọ̀ ń mú omi tutù torí pé omi ń là díẹ̀díẹ̀ kọjá ara rẹ̀, tó ń gbẹ níta, gbígbẹ náà sì ń fa ooru kúrò. Ìkòkò Ladi Kwali tó ní gíléèsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò ara rẹ̀ ti dí pátápátá. Ìrísí àmù ló ní, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ àmù. Láti ọjọ́ tó ti jáde nínú iléru ló ti di ohun tí wọ́n mọ fún wíwò. Torí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìkòkò bẹ́ẹ̀ ti gbé omi fún ìran mẹ́ta ní abúlé, ìtàn tó fi ń tà á nìyẹn. Èyí tó gbé omi ní Kwali ni èyí tó mọ kó tó dé ilé iṣẹ́ náà, tí kò ní gíléèsì, tí ara rẹ̀ pọ́n tàbí dúdú. Ní tèmi, àwọn yẹn ló ṣọ̀wọ́n jù, torí pé wọ́n lò wọ́n títí wọ́n fi fọ́ ni.

Orúkọ ìlú náà tún ń da àwọn ènìyàn rú. Abuja tó wà lára ìkòkò kì í ṣe olú-ìlú Nàìjíríà ti òde òní. Nígbà tí ìjọba ológun pinnu ní 1976 láti gbé olú-ìlú kúrò ní Èkó, wọ́n gba orúkọ Abuja fún ìlú tuntun, ìlú àtijọ́ náà sì di Suleja, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Niger lónìí. Ilé iṣẹ́ náà ṣì wà ní Suleja, wọ́n sì ti fi orúkọ Ladi Kwali pè é. Ẹ máa rántí èyí nígbà tí oníṣòwò bá ń bá yín sọ̀rọ̀ nípa "ìkòkò ìgbà tí wọ́n ń kọ́ olú-ìlú".

Ẹ wá yí ìkòkò náà padà. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ di ikùn rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kì í ṣe ọrùn tàbí ìdìmú rẹ̀. Lára ìkòkò kékeré tàbí àwo Abuja, òǹtẹ̀ méjì ló sábà máa ń wà nítòsí ìdí, tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Ọ̀kan ni ti ilé iṣẹ́, orúkọ Abuja ní lẹ́tà Lárúbáwá. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé àmì lásán ni, tàbí pé ibòmíràn ni ìkòkò náà ti wá. Èkejì ni ti amọ̀kòkò, lẹ́tà orúkọ rẹ̀: LK fún Ladi Kwali, MC fún Michael Cardew. Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ dà bí ilà ojú: agbo ilé ló ń sọ, kì í sọ orúkọ ọmọ.

Níbí ni owó púpọ̀ ti ń sọnù. Àwọn kan rí òǹtẹ̀ Abuja, wọ́n á pariwo pé Ladi Kwali ni, tàbí Cardew. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gugong Bong, Bawa Ushafa, Tanko Ashada, Abu Karo àti àwọn mìíràn ló ń yí kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń ṣe ìkòkò tíì, kọ́ọ̀bù, abọ́ ọbẹ̀ olómorí àti àwo tí wọ́n ń tà fún àwọn òyìnbó àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Láàárín àwọn obìnrin, Halima Audu tẹ̀lé Ladi Kwali, kò sì pẹ́ láyé. Asibi Ido, Kande Ushafa àti Lami Toto dé lẹ́yìn náà, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan tí wọ́n ń pè ní Dakin Gwari, ìyẹn yàrá àwọn Gwari ní èdè Hausa. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí dára. Ẹni tó bá ta ìkòkò Asibi Ido, tó sì pè é ní ti Ladi Kwali, ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ méjì nígbà kan náà: ó fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ó sì gba iṣẹ́ obìnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ló ń dùn mí jù.

Bí òǹtẹ̀ bá dá yín lójú, ẹ ṣì má dá dúró níbẹ̀. Ẹ wo ìdí ìkòkò. Kò yẹ kí gíléèsì bo ibi tó fi jókòó nínú iléru, torí pé ì bá ti lẹ̀ mọ́ pẹpẹ inú iléru. Ẹ gbọ́dọ̀ rí amọ̀ gan-an níbẹ̀. Àwọ̀ amọ̀ yẹn, bó ṣe le tó, àti bí ó ṣe pọ́n níbi tó ti pàdé gíléèsì, kò rọrùn fún ẹni tó ń ṣe ayédèrú láti ṣe é bákan náà. Ẹ fi èékánná kan ẹnu rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: stoneware tó wà ní odidi á dún kíkan, tó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́, èyí tó ti sán, tàbí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, á dún kú. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹnu rẹ̀ yípo. Ibi tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà tún ṣe kì í tutù sí ọwọ́ bí gíléèsì, ó sì máa ń rọ̀ sí abẹ́rẹ́. Lábẹ́ iná ultraviolet, èyí tí àwọn tó ń yẹ owó wò náà ń lò, ibi àtúnṣe sábà máa ń tàn yàtọ̀ sí ara yòókù.

Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó dà bí àwọ̀n lára gíléèsì kọ́ ni sísán. Gíléèsì àti amọ̀ kì í sún kì bákan náà bí wọ́n bá ń tutù. Bí gíléèsì bá sún kì jù, yóò ya wẹ́wẹ́. Àwọn amọ̀kòkò kan tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àléébù ni lára ohun tí a fẹ́ fi jẹun, torí ọ̀rá àti ìdọ̀tí ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà dín iye ìkòkò tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún wíwò kù púpọ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀rí ọjọ́ orí. Ìkòkò tó jáde lánàá lè ní in kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ayédèrú wà, ó sì ti pẹ́. Ní nǹkan bí 1980, àwọn ìkòkò kékeré tó ní òǹtẹ̀ Bernard Leach bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjà gbàǹjo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ sì gbà wọ́n. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò, ọgbà ẹ̀wọ̀n Featherstone ni wọ́n ti mọ wọ́n, nínú kíláàsì ìkòkò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Òǹtẹ̀ rọrùn láti gbẹ́. Ohun tó ṣòro láti gbẹ́ ni ìtàn tó ní ìwé lẹ́yìn: ẹni tó kọ́kọ́ rà á, ibi tó ti rà á, ọdún wo, rìsíìtì wo.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi William Ismay ṣe àpẹẹrẹ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò jọ. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni ní ìlú Wakefield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lówó bàbàrà. Láti 1955 títí tó fi kú ní 2001, ó kó ìkòkò tó ju 3,600 lọ jọ sínú ilé rẹ̀, ó sì pa rìsíìtì àti lẹ́tà àwọn amọ̀kòkò mọ́. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù York. Àwọn ìwé yẹn ló mú kí gbogbo ìkòkò náà wúlò fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí lónìí.

Iye ìkòkò Abuja ti lọ sókè. Ìpàtẹ tí wọ́n ṣe ní Berkeley Galleries ní London ní 1958, 1959 àti 1962 ló kọ́kọ́ gbé e dé ojú àwọn olùkójọ òyìnbó, British Museum àti mùsíọ́ọ̀mù Victoria and Albert ní London sì ní in. Ní 2022, Jareh Das ṣètò ìpàtẹ kan ní London tó gbé Ladi Kwali síwájú gẹ́gẹ́ bí olórí iṣẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú nínú amọ̀. Láti ìgbà náà, ìkòkò ńlá rẹ̀ tó ní ẹranko lára, tí kò sì sán, ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ní gbàǹjo. Àwo kékeré tàbí kọ́ọ̀bù tó ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ nìkan kò sún mọ́ ọn rárá. Ìdáhùn nìyẹn fún ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ìkòkò méjì tó jọ ara wọn kò fi ní iye kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa ìlera. Bí ohun tí ẹ rà bá jẹ́ olójé, bí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Winchcombe ti ìgbà 1926 sí 1939, ẹ má fi jẹun, pàápàá ohun tó kan tàbí tó ní tòmátò, ọsàn tàbí ọtí kíkan, torí pé ohun kíkan ń fa òjé jáde. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Stoneware Abuja kò ní ìṣòro òjé yẹn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ìkòkò tó níye lórí tó bẹ́ẹ̀ se ọbẹ̀? Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ rírọ̀ nù ún. Ẹ má fi bílíìṣì kàn án, ẹ má sì fi ọ̀dà kun ibi tó bá ti ha.

Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ṣiṣẹ́ ìjọba, tàbí tíṣà, tàbí nọ́ọ̀sì, ní Kaduna, Zaria, Minna tàbí Bida láàárín 1955 sí 1980, ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé wọn dáadáa. Ìkòkò tíì dúdú tó wúwo, tí kò dà bí ti ilé ìtajà, lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ yí i padà, ẹ ya fọ́tò òǹtẹ̀ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti òkè kì í jẹ́ kí ojú òǹtẹ̀ hàn. Ẹ wọn gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀. Bí àgbà tó rà á bá ṣì wà láyé, ẹ bi í ní ibi tó ti rà á àti ọdún tó rà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìkòkò kan kúrò ní Nàìjíríà lọ fún gbàǹjo tàbí fún ọmọ tó wà lókè òkun, ọ́fíìsì National Commission for Museums and Monuments ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Òfin Nàìjíríà ka ohun ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí wọ́n ti lò fún ètùtù tàbí ìbọ. Ìkòkò Abuja kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà ní pápákọ̀ òfurufú kì í ṣe amọ̀kòkò, ìwé tí ọ́fíìsì náà bá fún yín ni yóò sì sọ fún un pé ohun tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe orù ojúbọ tí wọ́n jí gbé.